Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: external DVD kékeré wo ni mo lè rà láti fi wo fíìmù lórí láptọ́ọ̀pù?

Àṣàkẹ́Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ fi owó ṣòfò. Màámi kó kúrò nílé wa àtijọ́ ní Bódìjà lóṣù tó kọjá, ibi tá a ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ la ti rí páálí Indomie méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fíìmù Yorùbá ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu. VCD ló pọ̀ jù, àwọn tí wọ́n máa ń tà ní Part 1 Part 2 yẹn, DVD díẹ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti London. Ẹ̀rọ DVD tó wà ní pálọ̀ ti kú tipẹ́, rímóòtù ẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ di fóònù tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Màámi ní àfi kóun wo àwọn fíìmù yìí dandan.

Láptọ́ọ̀pù mi ò níbi tí wọ́n ń ki síídì bọ̀. HP pẹlẹbẹ ni, Windows 11, ihò USB fífẹ̀ méjì àti USB-C ẹyọ kan ló wà lára ẹ̀. Mo wo external DVD lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí mi dà rú, eléyìí ní òun jẹ́ 8x, tọ̀hún ní 24x, òmíràn ní USB 3.0 lòun, ẹlòmíì ní òun ń wo Blu-ray, kódà mo rí kan tó ní ibi tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì káàdì sí. Mi ò fẹ́ èyí tó tóbi, kó ṣáà ti lè wọ báàgì láptọ́ọ̀pù, kó má sì jẹ́ èyí tí mo tún máa máa wá sọ́kẹ́ẹ̀tì fún lọ́tọ̀ torí gbogbo wa la mọ bí iná wa ṣe rí. Èwo ni kí n rà, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

DátàTiTán:
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n kí lẹ tún ń fi síídì ṣe láyé ìsinsìnyí? Ó ti wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi owó yẹn ra dátà jàre.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo:
DátàTiTán, orúkọ ẹ ti dá ẹ lóhùn 😂 Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló wà lórí YouTube, èyí tó wà níbẹ̀ pàápàá, wọ́n á ti gé orin inú ẹ̀ sọnù, wọ́n á fi orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì wọn dí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìnáwó ilé tiwa ńkọ́? Fídíò ìkómọ àwọn ìbejì mi, fídíò òkú bàbá wa, orí síídì ni oníkámẹ́rà kọ gbogbo ẹ̀ sí, ṣé YouTube ni kí n ti lọ wá ìyẹn?

Àṣàkẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mọ̀ rèé torí ó ti ṣe mí rí. Ẹ̀rọ méjì ló wà tí àwọn tó ń tajà máa ń pè ní portable DVD. Ọ̀kan ní ojú tiẹ̀, ó dà bíi láptọ́ọ̀pù kékeré, ó ní bátìrì àti sípíkà tiẹ̀. Ìkejì ò ní ojú, ó rí pẹlẹbẹ bíi ìwé kékeré, wáyà USB kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn lo nílò. Èmi béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tajà pé ṣé ó ṣe é so mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni màámi, ó fi ihò USB ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ hàn mí. Mo gbé e délé, àṣé fláṣì ni wọ́n ń ki bọ ihò yẹn, kò lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láéláé. Owó mi gbẹ síbẹ̀ torí wọ́n kọ̀ láti gbà á padà. Èyí tó bá lójú tiẹ̀, má rà á fún láptọ́ọ̀pù.

Bàbá_Wáyà:
Àṣàkẹ́, o káre láé. Ọ̀tìgbà ni mo wà, Computer Village n'Íkẹjà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, láptọ́ọ̀pù la sì ń tún ṣe níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Gbàgbé ọ̀rọ̀ 8x àti 24x yẹn, bí àwo ṣe ń yára yí ni wọ́n ń sọ. 24x tó o rí, ti síídì nìyẹn, 8x ni ti DVD, ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Fíìmù DVD, bó ti wù kó rí, 1x ló fi ń yí tó o bá ń wò ó, ìyẹn ò tó mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. USB 2.0 àtijọ́ gbé ìyẹn, ó gbé e tán, àyè tún kù rẹpẹtẹ. Ìgbà tó o bá fẹ́ da fíìmù kọ sínú kọ̀ǹpútà nìkan ni 8x máa wúlò fún ẹ, gbogbo àwọn pẹlẹbẹ yìí ló sì ní in. Ẹni tó bá ní kó o fi owó lé e torí pé tòun jẹ́ USB 3.0, tó sì jẹ́ DVD lásán ló ń tà fún ẹ, orúkọ ló ń tà fún ẹ.

Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni iná. Mi ò sọ ti NEPA o, iná tó ń gba inú USB wọlé ni mò ń sọ. Ihò USB 2.0, 500mA ló yẹ kó fún nǹkan tá a bá so mọ́ ọn, USB 3.0, èyí tí inú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, 900mA. Nígbà tí àwo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mọ́tò inú ẹ̀ máa ń fa iná bí ọ̀kadà tó gbé èrò mẹ́ta tó fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá. Tí ihò yẹn ò bá rí iná tó fún un, wàá gbọ́ tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀, á yí díẹ̀, á dúró, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí nǹkan kan. Wọ́n á wá gbé e wá bá mi, "ọ̀gá, dráìfù mi ti kú." Kò kú o, ebi ló ń pa á.

Ki í bọ ara láptọ́ọ̀pù gan-an, má ki í bọ hub (èyí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) olówó pọ́ọ́kú tí máúsì àti fláṣì ti jókòó sí. Má fi wáyà gígùn so ó, wáyà kúkúrú tó bá a wá nínú páálí ni kó o lò, wọn ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ gé e kúrú láti fìyà jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni wáyà ẹ̀, ki ẹnu méjèèjì bọlé. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ńlá, ihò ẹ̀yìn ni kó lò, torí àwọn ti iwájú yẹn, wáyà tín-ínrín kan ló ń gbé iná dé ọ̀dọ̀ wọn láti inú. Níwọ̀n ìgbà tí tìẹ ti ní USB-C, wá èyí tó bá wáyà méjèèjì wá, ti C àti ti fífẹ̀. ASUS ZenDrive kan wà tó máa ń kó méjèèjì wá. LG náà dáa gan-an, àwọn pẹlẹbẹ wọn máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Àṣàkẹ́Ìbàdàn:
Háà, ẹ ṣeun gan-an bàbá. Ìbéèrè méjì ṣá: àwọn tí kò lórúkọ tí wọ́n kọ "Super Slim" sára wọn yẹn ńkọ́, torí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti ASUS? Èkejì, èwo ló dáa, èyí tó máa ń yọ ahọ́n jáde àbí èyí tó ń gbé àwo mì láti ẹnu?

Bàbá_Wáyà:
Mo ti tú "Super Slim" wò kò níye. Páálí tuntun, ike tuntun tó ń dán, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún, dráìfù tí wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń bá nínú òmíràn, wọ́n nù ún, wọ́n wọ aṣọ fún un. Mi ò ní gbogbo wọn ló burú o. Àwọn kan á ṣe ọdún mẹ́ta láìṣẹ̀, òmíràn ò ní í ríran mọ́ kí oṣù tó parí.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa, pàápàá ẹni tó ní VCD. Ojú méjì ni dráìfù DVD ní, iná léésà kan wà fún síídì, òmíràn wà fún DVD, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. VCD, síídì ni, kì í ṣe DVD, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo méjèèjì jọra. Ẹ lè ra dráìfù, kó máa wo DVD bí ẹni mu omi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ki VCD sí i, á kàn máa yí lórí òfo torí ojú síídì ẹ̀ ti kú, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n tún kùn yìí. Nítorí náà, mú VCD kan àti DVD kan látilé lọ síbi tó o ti fẹ́ rà á, mú láptọ́ọ̀pù ẹ lọ pẹ̀lú, kí wọ́n so ó níṣojú ẹ, wo ogún ìṣẹ́jú kí o tó sanwó. Fa fíìmù síwájú sí ìparí kó o wò ó bóyá ó dúró, torí àárín ni àwo ti ń bẹ̀rẹ̀, etí ló ń parí sí, ojú tó bá ti ń kú sábà máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀, á wá máa kọsẹ̀ tó bá ń sún mọ́ etí. Ẹni tó ń tajà tí kò bá gbà pé kó o dán an wò, bọ́ síta.

Ní ti ẹnu, èyí tó ń yọ ahọ́n ni kó o mú, má wo ti ẹwà. Ihò kékeré kan máa ń wà níwájú ẹ̀ tó o lè fi píìnì ìwé tí o nà gùn ún tí àwo bá há sínú, á ṣí fúnra ẹ̀. Èyí tó ń gbé àwo mì, tó bá mì ín tí kò bá pọ̀ ọ́ mọ́, kó o rí mi l'Ọ̀tìgbà nìyẹn. Kò sì ṣeé ki àwo kékeré sí, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn àwo tí wọ́n lẹ bébà mọ́, àwọn oníkámẹ́rà ìnáwó sì fẹ́ràn kí wọ́n lẹ fọ́tò ìyàwó mọ́ ọn.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo:
Ẹ̀n-ẹ́n, bàbá, ẹ gbàgbé kan. Ti ahọ́n yẹn, kì í ṣe kó o kàn gbé àwo lé e bíi ti ẹ̀rọ pálọ̀. Àárín ẹ̀ ní nǹkan tó máa ń di àwo mú, ó yẹ kó o fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa dún kọ́. Èmi ò mọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ọmọ mi ló wá tẹ̀ ẹ́ wọlé.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham:
Àbúrò, ní ti DVD tí àǹtí ẹ fi ránṣẹ́ láti London, ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní region. Àwọn tó ń ṣe fíìmù pín ayé sí mẹ́fà nítorí ọjà wọn. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni 1, àwa ní UK àti Yúróòpù ni 2, Nàìjíríà wà ní 5 pẹ̀lú Íńdíà àti Rọ́ṣíà. Dráìfù tó o bá rà máa béèrè region tó o wà nígbà tó o bá kọ́kọ́ ki àwo tí wọ́n tì pa sí i. Ìgbà márùn-ún péré lo lè yí i padà. Ìkarùn-ún yẹn ló máa wà títí ayé, bó o tún Windows ṣe látìbẹ̀rẹ̀, bó o gbé dráìfù náà lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, kò sóhun tó máa yí padà torí inú dráìfù gan-an ni iye ìgbà yẹn wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Houston ló fi ojú rí i. Àwo Amẹ́ríkà, àwo London, àwo Amẹ́ríkà, àwo London, kó tó mọ ohun tó ń tẹ̀, ó ti lo márààrún tán, ó wá há sí 2 ní ìlú oní-region 1 🤦🏾‍♂️ Ọgbọ́n tí mo dá ní tèmi ni pé mo ra dráìfù méjì olówó kékeré, ọ̀kan fún 1, ọ̀kan fún 2. VLC, áàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, máa ń fo ìdènà yẹn lórí àwọn dráìfù kan, kì í ṣe lórí gbogbo ẹ̀, nítorí náà má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Má jẹ́ kí àyà ẹ já ṣá. VCD ò ní region rárá, kò sírú ẹ̀ lára wọn. Fíìmù Yorùbá tí mo fọwọ́ ara mi rà ní Rye Lane láyé ìgbà yẹn, kò sí èyí tí wọ́n tì pa nínú wọn. Fíìmù òyìnbó ló máa dà ẹ́ láàmú tí àǹtí bá kó ìyẹn mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń dẹ́rù bà ẹ́ pé PAL, pé NTSC (ọ̀nà méjì tí tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ń gba àwòrán), tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló ni ìṣòro yẹn, kọ̀ǹpútà ń wo méjèèjì.

DátàTiTán:
Ó dáa, mo túúbá 😅 Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé tó bá ki í sínú Windows 11, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo rántí tẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ̀ ẹ́ títí, fóldà VIDEO_TS nìkan ló ń rí.

Penguin_Àkúrẹ́:
Òótọ́ ni, DátàTiTán sọ nǹkan gidi lónìí. Windows 7 Home Premium máa ń wo DVD fúnra ẹ̀, àmọ́ látorí Windows 8 lọ́dún 2012, Microsoft yọ ọ́ kúrò. Áàpù kan wà ní ibi ìtajà wọn tí wọ́n ń gbowó lé, má san án. VLC ni kó o gbé, ọ̀fẹ́ ni, videolan.org nìkan sì ni kó o ti gbé e o, torí àwọn sáìtì jìbìtì pọ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ VLC pọnmọ́ kòkòrò sẹ́yìn kọ̀ǹpútà èèyàn. Tó o bá ti fi VLC sí i, lọ sí Media, kó o tẹ Open Disc, wàá rí DVD, wàá rí SVCD/VCD lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ VCD lo ki sí i, VCD yẹn ni kó o yàn, púpọ̀ ń fi í sórí DVD wọ́n á ní àwo ò ṣiṣẹ́.

Ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni ẹ nìyí. Wíwò kọ́ ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, dídà á kọ ni. Páálí tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn àwo yẹn ò lè máa dúró dè ẹ́. VCD rọrùn jù: ṣí àwo náà bí fóldà, wàá rí fóldà kan tó ń jẹ́ MPEGAV, inú ẹ̀ ni AVSEQ01.DAT wà, ìyẹn ni fíìmù gan-an, dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, VLC á ṣí i bẹ́ẹ̀. Kò sí títì pa kankan lára VCD. Àwo kan ò ju nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pín fíìmù kan sórí àwo méjì, tí àwo àkọ́kọ́ á parí síbi tí ìyálé ti fẹ́ bu májèlé sọ́bẹ̀, tí gbogbo ilé á pariwo "ki èkejì sí i kíá!" Háàdì dráìfù kékeré kan tó jẹ́ 500GB á gba gbogbo páálí méjèèjì ẹ, á tún kù.

Ẹni tó bá ń lo Linux dípò Windows bíi tèmi, tó o bá da .DAT kọ lásán, á máa sọ pé àṣìṣe ni torí bí wọ́n ṣe kọ VCD yàtọ̀ sí síídì dátà. Gbé áàpù vcdimager, vcdxrip inú ẹ̀ á yọ ọ́ fún ẹ wẹ́rẹ́.

Ti fídíò ìnáwó tó wà lórí DVD, da fóldà VIDEO_TS kọ látòkèdélẹ̀, ó tán.

Mac_niMòńLò:
Fún ẹni tó bá ń lo MacBook bíi tèmi: SuperDrive tí Apple ń tà ní dọ́là 79 láyé ìgbà yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ẹ ní tòkunbọ̀ tó o bá tún fẹ́ lò ó lórí Windows, yóò fìyà jẹ ẹ́. Èyí tó ń gbé àwo mì láti ẹnu ni, wáyà ẹ̀ kúrú, kò ṣeé yọ, kò sì fẹ́ kó o so òun mọ́ hub. Ti LG àti ASUS ṣiṣẹ́ lórí Mac láìsí pé mo fi nǹkan kan sí i, DVD Player ṣì wà nínú macOS.

Àṣàkẹ́Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun o gbogbo yín, orí yín á máa pé. Blu-ray ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn tí mo rí ní òun ń wo gbogbo ẹ̀, mo ní bóyá kí n kúkú ra èyí tó ga.

Bàbá_Wáyà:
Ṣé o ní àwo Blu-ray nílé? Tó ò bá ní, fi owó ẹ sápò. Dráìfù Blu-ray ń ka DVD àti síídì lóòótọ́, àmọ́ owó ẹ̀ lọ sókè, ó sì ń fa iná ju ti DVD lọ. Tó o bá tún rà á, VLC lásán ò lè ṣí àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà torí wọ́n tì í pa, wàá tún ra sọ́fítíwíà bíi PowerDVD. Ti Blu-ray 4K, èyí tí àwòrán ẹ̀ mọ́ jù, tiẹ̀ tún le jù: nǹkan kan wà nínú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel tí wọ́n ń pè ní SGX tí àwo yẹn nílò, Intel sì yọ ọ́ kúrò láti ìran 11 síwájú, nítorí náà láptọ́ọ̀pù tuntun ló kọ̀ ọ́, ti àtijọ́ ló gbà á, ẹ ò rí ayé.

Ọ̀nà míì wà tí kò náni lówó. Tí láptọ́ọ̀pù tó ti kú bá wà nílé yín, èyí tó ní ibi síídì, dráìfù ẹ̀ lè ṣì dáa. Páálí ike kan wà tí wọ́n ń tà l'Ọ̀tìgbà tí wọ́n ń ki dráìfù yẹn sí, ó máa di external. Wọn bí dráìfù náà ṣe nípọn tó kó o tó ra ike yẹn torí oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, 12.7mm àti 9.5mm, èyí tó nípọn ò ní í wọ ike èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Kó o sì rí i pé SATA ni ẹnu ẹ̀, àwọn ti àtijọ́ pátápátá jẹ́ IDE, ẹnu wọn gùn bíi eyín kóòmù, ìyẹn ò bá a mu.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo:
Kó o tó ki àwo èyíkéyìí sí i, kọ́kọ́ nù wọ́n o. Aṣọ tó rọ̀, láti àárín lọ sétí, má nù ún yípo. Tó bá dọ̀tí gan-an, omi àti ọṣẹ díẹ̀, jẹ́ kó gbẹ.

Bàbá_Wáyà:
Ó tọ́. Kó o sì gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ti VCD, ibi tí wọ́n ya àwòrán sí lókè ni dátà sún mọ́ jù, abẹ́ ẹ̀ lè ha kó ṣì ṣiṣẹ́, àmọ́ tí òkè bá bó, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá ní tótòtó, ibi tó bó yẹn ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Èyí tó bá sì ti sán láàárín, tó ní ìlà láti ihò lọ sétí, má ki í sí dráìfù rárá. Ó lè fọ́ yángá nínú ẹ̀ bó bá ti ń yí kíákíá, wàá pàdánù àwo, wàá pàdánù ẹ̀rọ.

Àṣàkẹ́Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dé o! Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo lọ sí Dúgbẹ̀ ní Sátidé, mo gbé láptọ́ọ̀pù, VCD kan, DVD kan dání bí ẹni ń lọ ṣèdánwò. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, "Super Slim" ló kọ́kọ́ gbé fún mi. DVD ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, inú mi ń dùn, mo ní kó ki VCD sí i, ó ń yí, ó ń yí, kò sóhun tó jáde. Ó ní VCD mi ló ti bàjẹ́. Mo ní kó ki í sínú òmíràn, tìyẹn náà yí lásán. Ṣọ́ọ̀bù kejì ni mo ti rí ASUS tó ní wáyà méjèèjì, a ki VCD kan náà sí i, kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá orin ìbẹ̀rẹ̀ ti bú jáde, ọkùnrin tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń bá a kọ ọ́ lẹ́nu. Bàbá_Wáyà, ojú yín ò ní ríbi o. Ká ní ẹ ò sọ ọ́, èyí àkọ́kọ́ ni ǹ bá gbé wálé.

Mo délé, mo so ó mọ́ USB fífẹ̀, ó kọ́kọ́ ṣe tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́, àyà mi já. Mo gbé e lọ sí C, ó dákẹ́, ó ṣiṣẹ́. Àwòrán VCD yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ṣá, mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́.

Penguin_Àkúrẹ́:
O ò ba nǹkan kan jẹ́, bí VCD ṣe rí nìyẹn. 352 lọ́nà 288 péré ni àwòrán ẹ̀, DVD wa jẹ́ 720 lọ́nà 576. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré ayé ìgbà yẹn, a ò mọ̀. Má fẹ̀ ẹ́ kún gbogbo ojú láptọ́ọ̀pù, fi í sí ìdajì, á dáa lójú.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo:
Màámi ńkọ́? Ìyẹn la fẹ́ gbọ́.

Àṣàkẹ́Ìbàdàn:
Ah, màámi! Wọ́n ti wo mọ́kànlá. Èmi ń da àwọn tó kù kọ lálẹ́ nígbà tí iná bá wà, mo ti dé ìkẹtàlélógún, mẹ́rin ló ti bó lókè bí bàbá ṣe wí, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màámi ò jẹ́ kí n jù wọ́n nù.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn jù, àwo kìíní wà, ó ṣiṣẹ́ kedere, wọ́n wò ó dé ìdí. Mo ṣí páálí tí wọ́n kọ Part 2 sí lára, síídì orin kérésìmesì ni mo bá níbẹ̀. Màámi jókòó, wọ́n ronú, wọ́n ní àwọn ti rántí ẹni tó yá a lọ́wọ́ àwọn ní 2008. Nọ́ńbà obìnrin yẹn ni wọ́n ń wá káàkiri láti àárọ̀.